Ọ̀nà Funfun Lẹ́yìn Ọkọ̀ Àwọn Oníháàjì

Màmá, ìyá ìyá mi, kò tíì bọ́ bàtà tán ní pálọ̀ àbúrò ìyá mi ní Jẹ́dà kí ó tó béèrè ohun tó gbé e wá. Ó ti béèrè rẹ̀ lórí fóònù ṣáájú, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ìwé kíkọ bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú nínú ọkọ̀ òfurufú síwájú mi, ó ní:

"Ọkọ mi, ta lo máa ṣe é fún?"

Àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ dókítà níbí, tó sì jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní kí ó kọ́kọ́ mu omi ná. Ọmọbìnrin dókítà, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìkíni, ó sì fi Lárúbáwá parí rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

Ohun tó ń béèrè nìyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ òfin Islam ní Mẹ́kà ni, mo sì ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ní Al-Ka'kiyah, níbi tí ilé kò ti wọ́n. Ọdún tí mo dé ni mo ṣe Háàjì tèmi. Òfin ibí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ìlú máa ṣe é lọ́dọọdún. Ó ní láti jẹ́ kí àwọn ọdún kan kọjá. Ọdún yìí ló tún kàn mí. Ìkáàmà mi, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, yóò sì parí kété lẹ́yìn rẹ̀, n óò padà sílé. Háàjì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀sìn gba ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ láyè láti ṣe é fún ẹni tó ti kú láìṣe é. Òkú méjì ni Màmá sì ní.

Èkíní ni bàbá àgbà, ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ owó Mẹ́kà, ó ní kí ìyàwó òun kọ́kọ́ lọ, òun á tẹ̀ lé e. Kò tẹ̀ lé e. Àìsàn dé, ikú dé. Kò sí àríyànjiyàn kankan nínú tirẹ̀: kò débí rí.

Èkejì ni ìyá Màmá fúnra rẹ̀, tó kú sórí ọkọ̀ ojú omi. Ti ẹni yìí ni kò yé ẹnikẹ́ni.

Opó ni, ó kéré lọ́jọ́ orí, aṣọ ló ń rẹ. Ó tẹ̀ lé àáfáà agbo ilé wọn lọ sí Mẹ́kà nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kò tíì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Ọmọ rẹ̀, ìyẹn Màmá, kò tíì pé ọdún márùn-ún, kò sì rí ẹni fi í tì, ló bá gbé e dání. Èkó ni wọ́n ti wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, ọmọ nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Àáfáà ti dúró sí Mẹ́kà láti máa kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí láìpẹ́. Obìnrin Haúsá kan, tó bá wọn wọ ọkọ̀ kan náà, ló di ọmọ náà lọ́wọ́ mú wá sí èbúté, ó sì fà á lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ìyá kò gbọ́ Haúsá. Ó nawọ́ sí òkun, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀rí tí ìdílé wa ní nìyẹn.

Nílùú wa nígbà náà, ìgbà tí èèyàn bá padà délé ló ń di Àlàájì. Wọ́n á lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, wọ́n á rí eyín wúrà tó fi sẹ́nu ní Mẹ́kà, wọ́n á sì fún tọmọdé tàgbà ní omi Sámúsámù nínú ife kékeré. Ìpàdé yẹn ló ń fi oyè náà múlẹ̀. Ẹni tí kò padà, kò sẹ́ni tó pàdé rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ṣe àdúà fún àwọn òkú ilé wa títí di òní, Àlàájì lágbájá, Àlàájà tàmẹ̀dò ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n tí ó bá kan tirẹ̀, wọ́n á ní "àti ìyá tó wà nínú òkun." Gbogbo ilé gbà pé ńṣe ló kú ní àlọ. Èmi náà dàgbà bá a bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ohun tí mo kọ́ tù ú nínú. Mo ní ẹni tó jáde nílé fún Ọlọ́run tí ikú bá a lójú ọ̀nà, ẹ̀san rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

"Ìyẹn yé mi," ni Màmá wí. "Mi ò béèrè bóyá Ọlọ́run gbà á. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyẹn. Ohun tí mò ń béèrè ni bóyá ó dé ibẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, òun ni kí o ṣe é fún. Ìyá mi ni. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, á jẹ́ pé mò ń fi ohun tí ọkọ mi ń dúró dè fún ẹni tó ti ní in."

Mo ní, "Màmá, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ò rántí nǹkan kan nípa Mẹ́kà nígbà yẹn."

"Ìwọ lo lọ kàwé," ó fèsì.

Orúkọ ọkọ̀ náà nìkan ló kù lẹ́nu ìdílé wa, ahọ́n sì ti yí i padà díẹ̀díẹ̀. Àbúrò ìyá mi dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ẹnjiníà ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Jẹ́dà, tó sì máa ń ka ìtàn àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ńṣe ni ọkùnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ yẹn? Ọkọ̀ yẹn gan-an? Ibí yìí ló kú sí!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹnjiníà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. A gbé Màmá síwájú, ó kọ̀, ó ní ẹ̀yìn ni òun fẹ́ kí òun lè na ẹsẹ̀. A ká àga onítáyà rẹ̀ sínú búùtù. Al-Mahjar là ń lọ, àdúgbò àwọn onísọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ ní gúúsù Jẹ́dà, níbi tí káfíńtà kan ti ní ìjókòó tí wọ́n sọ pé ara ọkọ̀ náà ni.

"Wọ́n kàn án fún àwọn olówó ni," ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀, kí a tó yọ sí títì ńlá. "Ní àríwá Yúróòpù lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn oúnjẹ inú rẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́ta!"

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ni?" Màmá béèrè láti ẹ̀yìn.

"Màmá, mo kà á ni."

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́, ṣé òun wọ̀n ọ́n?"

Ẹnjiníà wò mí, ó ní, "Ṣéèkì kékeré, mo ti mọ ibi tí àrùn ìbéèrè ti ràn ọ́."

Èmi náà ti wá ohun kà nípa ọkọ̀ náà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ohun tí mo gbà gbọ́ nínú rẹ̀ ni èyí tí mo rí ní ibi méjì tí kò jọ ara wọn. Wọ́n kàn án láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, láti máa kó èrò la òkun kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó ní gbọ̀ngàn ijó tí wọ́n fi igi olówó iyebíye tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn olórin tirẹ̀, àti adágún ìwẹ̀ kan nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ sánmà tẹ́. Nígbà tí ogun kejì dé, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú, wọ́n yọ bẹ́ẹ̀dì àwọn olówó, wọ́n sì kó sójà sínú rẹ̀. Ogun parí, ó di ọkọ̀ àwọn tálákà tó ń ṣí lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìní èrò àtipadà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tà á fún àwọn tó ń kó oníháàjì. Nígbà tí àwọn oníháàjì wá ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ó ti gbó. Wọ́n so ó mọ́ èbúté Jẹ́dà níbí, ó di ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fẹ èbúté lójú. Iná mú un níbẹ̀. Ẹnjiníà sọ pé gbogbo èrò ló bọ́ síta. Mi ò rí ẹ̀rí tó ta kò ó. Wọ́n fà á jáde kúrò ní èbúté kí ó má baà rì sí ojú ọ̀nà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àpáta iyùn ní gúúsù ìlú, àwọn apẹja sì ń so ọkọ̀ kékeré wọn mọ́ ọn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó wá gé e tà ní pẹ́lẹ́bẹ́.

Bí mo ti ń kà á, ohun kan ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Nígbà tó di ọkọ̀ oníháàjì, gbọ̀ngàn ijó ni wọ́n sọ di mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ onígi kan náà ni. Ibi tí bàtà àwọn olówó ti ń yọ̀ lórí orin, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀, àwọn aláṣọ àdìrẹ, àwọn tó ta ẹran ọ̀sìn wọn kí wọ́n tó lè rìn, wá ń fi iwájú orí kàn. Mo wá ohun tí mo lè fi ṣe àríwísí sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí i.

Mo sọ èyí fún Màmá nínú ọkọ̀. Ó ní:

"Kànga kan wà níbẹ̀."

"Nínú ọkọ̀?" ẹnjiníà béèrè.

"Kànga gbígbòòrò tí kò sí omi nínú rẹ̀. Àwọ̀ sánmà ni gbogbo ara rẹ̀. A máa ń gba àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ omi wà yí i ká, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá. Mo máa ń rò pé wọ́n dojú sánmà dé ni, tí wọ́n wá ń rìn nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ nílé, wọ́n ní àlá ni mo lá."

Ẹnjiníà dẹ eré. Ó rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Màmá," ó ní, "adágún ìwẹ̀ àwọn olówó nìyẹn."

A kò tíì dárúkọ adágún náà fún un rí, àbúrò ìyá mi kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló rí i, tó gbé e pamọ́ sínú orí rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, tí gbogbo ilé sì ń pè é ní àlá. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí.

Ọ̀gá káfíńtà náà jẹ́ ará Jẹ́dà gidi, bàbá tó fi aṣọ rọ́bọ́tọ́ wé orí, ìyẹ̀fun pákó sì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó tẹ́wọ́ gba Màmá bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pè é. "Yā Ḥájjah, yā Ḥájjah," ó ń wí. Bàbá rẹ̀ ló ra ìjókòó náà nígbà tí wọ́n ń gé ọkọ̀. Pẹpẹ gígùn kan ni, igi tíìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n rọ bí ewé, ìjókòó sì ti dán nítorí ìdí àwọn èèyàn tó ti jókòó lé e. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lárúbáwá bí ó ṣe dá a lójú pé ara ọkọ̀ yẹn ni.

"Kò dá mi lójú," ó fèsì. "Bàbá mi ló sọ ọ́, bàbá mi kì í sì í purọ́ àyàfi tí ó bá ń tajà. Lọ sí àdúgbò Al-Ammariyah. Gbogbo ilẹ̀kùn àtijọ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní láti inú ọkọ̀ yẹn ni. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọkọ̀ náà ì bá tóbi ju Jẹ́dà lọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá.

"Sọ fún un pé mo gba tirẹ̀ gbọ́," ó ní, "nítorí pé kò gba ti ẹlòmíràn gbọ́."

A gbé e jókòó sórí pẹpẹ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi náà lọ, ó rà á bọ̀. Ẹnjiníà di ọwọ́ mú lẹ́yìn, ó ń dúró de omijé.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí.

"Ẹ tún fọwọ́ kàn án dáadáa, Màmá."

"Ẹnjiníà, igi ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ojú ẹnjiníà rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà fi ní kí wọ́n gbé tíì wá. Bí a ti ń mu ún, wọ́n pe ìrun Alásárì. Káfíńtà tẹ́ ẹní sí àárín ìsọ̀, ó gbá pákó sí ẹ̀gbẹ́, a tò. Màmá jókòó sórí pẹpẹ kírun tirẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́. Nígbà tí a sálámà tán, ó rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ìsọ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń gbà á wọlé. Ó yí ọrùn rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yìn la kọ sí òkun níbí," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí. "Iwájú wa ni Mẹ́kà wà."

"Ọjọ́ ti ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun la kọjú sí nígbà tí wọ́n ń kírun sí i lára."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Màmá, orí omi lẹ wà. Ibi gbogbo ni òkun."

"Mo mọ̀ pé ibi gbogbo ni òkun. Ṣé mo gọ̀ ni? Òkun tó ní ọ̀nà ni mò ń wí."

Mo gbé ife mi sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ẹni tó bá ń gbọ́ ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Mo fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ọ̀nà báwo, Màmá?"

"Ọ̀nà funfun. Èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lẹ́yìn ara rẹ̀ lórí omi. Ó gbòòrò, ó funfun, ó ń hó, ó sì lọ títí ojú ò fi lè tó o mọ́. Àwọn ọkùnrin tò, wọ́n kọjú sí i. Wọ́n tẹ́ ìyá mi síwájú wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó wà ní ìdí ọkọ̀. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn obìnrin Haúsá yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi wé ìyá mi funfun, ọ̀nà náà funfun, mi ò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo rò pé ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbé e lé, kí ó máa rìn padà síbi tí a ti ń bọ̀. Mo ké pé kí wọ́n gbé èmi náà lé e."

Káfíńtà tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá dúró, ó mú ẹní tó ń ká lọ́wọ́.

Gábàsì ni mò ń rò, apá ibi tí Mẹ́kà wà. Ẹni tó bá ń kírun sí òkú lára gbọ́dọ̀ kọjú sí gábàsì, lórí ilẹ̀ tàbí lórí omi. Bí gábàsì bá wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, Mẹ́kà ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ yára. Mo kúnlẹ̀, mo da ìyẹ̀fun pákó sílẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo sì ní kí ẹnjiníà fi ìka ya ọ̀nà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ láti Èkó. Ó kúnlẹ̀ tì mí. Ó fa ìlà láti Èkó lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó yí i sókè gba Dàkáà, ó wọ Òkun Àárín ní ìsàlẹ̀ Yúróòpù, ó fà á dé Súẹ́ẹ̀sì, odò tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́, ó wá fà á wálẹ̀ gba Òkun Pupa wọ Jẹ́dà. Mo fi ìṣó kan sàmì sí Mẹ́kà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìṣòro. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èkó, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ. Gábàsì á wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló kú, ní àlọ."

"Ha!" ẹnjiníà di orí mú. "Òótọ́ ni o."

Màmá ń wò wá láti orí pẹpẹ. "Kí lẹ̀ ń yà sílẹ̀ bí ọmọdé?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ tún rántí tí ìyá yín ṣe lórí ọkọ̀, kí ó tó kú?"

Ó ronú. Ó ní ìyá rẹ̀ máa ń di irun òun. Ó ní ìyá rẹ̀ kì í jẹ ẹja tí wọ́n ń sè fún wọn. Mo ń dúró. "Ó gbé mi sókè kí n wo ràkúnmí," ó wí níkẹyìn. "Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, iyanrìn wà lápá ọ̀tún, iyanrìn wà lápá òsì, ó sún mọ́ wa bí ògiri yìí. Ràkúnmí ń rìn létí omi, ọkùnrin kan ń lù ú. Ìyá mi ní, wò ó, ó gùn bí ìwọ."

Ẹnjiníà ti fi ìka sí Súẹ́ẹ̀sì kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ibẹ̀ nìkan ni irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ti ń gba àárín iyanrìn kọjá. Ìyá náà wà láàyè ní Súẹ́ẹ̀sì. Láti Súẹ́ẹ̀sì wá sí Jẹ́dà, imú ọkọ̀ ni Mẹ́kà wà; ẹni tó bá kú níbẹ̀, ibi tí ọkọ̀ dorí kọ ni wọ́n á kọjú sí láti kírun sí i lára. Kí ọkọ̀ tó lè ní gábàsì lẹ́yìn lẹ́yìn ìgbà tí ìyá ti gbé ọmọ sókè wo ràkúnmí, ó ní láti ti dé Jẹ́dà, kí ó sì ti kúrò níbẹ̀.

Mo tún wá ibi tí ó ti lè já. Mo bi ẹnjiníà bóyá ọ̀gá atukọ̀ lè yí ọkọ̀ padà nítorí òkú.

"Kí ló fẹ́ yí i padà fún? Wọ́n á kàn dẹ ẹ̀rọ ni. Wọ́n a máa dá a dúró nígbà mìíràn, lásìkò tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀."

"Tí wọ́n bá dá a dúró, ọ̀nà funfun kò ní sí."

"Kò ní tètè parẹ́. Ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn, ó máa rìn jìnnà kí ó tó dúró."

Mo bi Màmá bóyá àáfáà wọn ló ṣíwájú ìrun náà. Ó ní rárá, ọkùnrin kan tó pa irùngbọ̀n láàlì ni. Òun kò rí àáfáà níbẹ̀, òun rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ẹni tó ti dúró sí Mẹ́kà kò lè sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pé ọmọdé kò rí ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára, mi ò sì gbé ọ̀rọ̀ lé e. Ràkúnmí àti ọ̀nà funfun ni mo gbé e lé.

Mo dìde, mo gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórúnkún.

"Màmá, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ rántí bá jẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́, àbọ̀ ni ìyá yín kú. Ó ti kúrò ní Mẹ́kà. Ó ti ṣe é."

Màmá kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé pẹpẹ tí kò mọ̀ rí yẹn, ó dì í mú bí ẹni pé ó fẹ́ mì.

"Ó ń bọ̀ nílé ni nígbà yẹn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n kàn ò rí i pàdé ni." Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì fi Àlàájà ṣáájú rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó tún un pè, ó ga díẹ̀. Káfíńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn nínú gbogbo ohun tí a sọ, ó rò pé ìkíni ni, ó sì kí òkú káàbọ̀ láìmọ̀: "Ahlan, ahlan, yā Ḥájjah."

Ẹnjiníà jáde lọ sí ìta. Ó ní òun fẹ́ wo táyà.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá ní kí a gba etí òkun. Oòrùn ti ń wọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń jáde kúrò ní èbúté, a sì rí ọ̀nà funfun rẹ̀ lẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa tó sì ń lọ bá a. Mo gbìyànjú láti ro bí yóò ti rí láti orí ọkọ̀ yẹn: ìlú yìí, àti òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, àti Mẹ́kà lẹ́yìn òkè, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀nà kan náà tí omi ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gé ọkọ̀ náà, wọ́n ti tà á, ìjókòó kan ṣoṣo tí a rí kò dá ẹni tó ni ín lójú. Ohun tó pẹ́ jù lára rẹ̀ ni ìfófòó tí kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, inú orí ọmọdé kan ló sì wà.

"Bàbá àgbà yín ni kí o ṣe é fún," ni Màmá wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ó ti dúró tó."

Màmá ṣe Úmúrà rẹ̀ lórí àga onítáyà, ó padà sílé kí àkókò Háàjì tó wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ sí Mínà, mo wẹ̀, mo ró aṣọ funfun méjèèjì nínú yàrá wa ní Al-Ka'kiyah, mo sì pè é lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ. Mo gbé fóònù sórí fèrèsé. Mo kọjú sí gábàsì, mo dáhùn ìpè Ọlọ́run, mo sì dárúkọ bàbá àgbà pé òun ni mò ń ṣe é fún.

Mo dúró. Mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti já.

"Ó yẹ kí ó ti gbọ́ báyìí," ni Màmá wí níkẹyìn. "Àláfíà ni kí o lọ, Àlàájì mi. Tí o bá dé Árááfà, bá mi ṣe àdúà fún ìyá mi. Má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pè é o."